Ààrò Èédú Tí Èmi àti Àbúrò Mi Jọ Ṣe

Ọdún tí gáàsì wọ́n gógó, tí kẹrosíìnì náà sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé, ni àbúrò mi obìnrin wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó. Géètì àti irin ojú fèrèsé ni mò ń ṣe níbẹ̀ látìgbà tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ irin jáde ní pólì. Òun ní tirẹ̀, bánkì ló bá ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ní Òṣogbo, lẹ́ka àwọn tó ń wá oníbàárà kiri. Nígbà tí wọ́n ti ẹ̀ka tó wà pa, ó kó ẹrù rẹ̀ wálé sí Ìwó, ó gba ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọjà Odò-Ọ̀rì, ó sì ń ta ìkòkò, abọ́ àti gbogbo nǹkan ilé ìdáná. Àwa méjèèjì nìkan ni ìyá wa bí.

Lọ́jọ́ yẹn, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fi ìnujú nu ìdí àgbá epo kan tó dojú dé, ó sì jókòó lé e.

"Bọ̀dá mi, iṣẹ́ kan ni mo gbé wá fún yín," ó ní. "Kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ yìí tí kò béèrè ààrò èédú. Èyí tó wà lọ́jà ń jẹ èédú bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu, ó ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀, kì í sì í pẹ́ tí ìdí rẹ̀ fi ń lu. Ẹ̀yin ẹ ṣe èyí tó dáa, èmi á tà á."

"Ààrò kẹ̀? Èmi tí mò ń ṣe géètì?"

"Ṣé kì í ṣe irin náà ni? Ẹ̀yin kẹ́kọ̀ọ́ nípa irin. Èmi, èèyàn ni mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀."

Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ààrò àkọ́kọ́ tí mo ṣe, bí mo ṣe fẹ́ ẹ lọ́kàn mi ni mo ṣe é. Mo gé páànù rẹ̀ lára àgbá epo tó nípọn. Mo lọ wa amọ̀ létí odò kan lọ́nà Kúta, mo pò ó, mo fi tẹ́ inú irin náà yípo, mo sì fi iná sun ún títí ó fi le bí òkúta. Ohun tí mo mọ̀ ni pé amọ̀ ló ń di ooru mú. Bí amọ̀ bá ti nípọn tó ni èédú á ṣe pẹ́ tó, ni ara irin kò sì ní í gbóná jù. Mo gbé e lọ sílé ìyá wa. Wọ́n gbé ẹ̀wà kaná lórí rẹ̀, ẹ̀wà jinná, wọ́n tún fi iná tó kù se omi ìwẹ̀, wọn kò sì fi èédú kún un. Ìyá wa ń gbé ọwọ́ lé ara irin náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá fọwọ́ kàn án," wọ́n ní. "Iná ń jó nínú, ìta rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán."

Inú mi dùn. Mo wojú àbúrò mi pé kó yìn mí. Ó tẹ̀ ba, ó di ààrò náà mú lápá méjèèjì, ó fẹ́ gbé e. Ó fi sílẹ̀, ó nàró, ó di ìbàdí mú.

"Bọ̀dá, ta ló máa gbé èyí gun ọ̀kadà lọ sí Kúta?"

"Wọ́n á fi mọ́tò gbé e."

"Ẹni tó ní mọ́tò, gáàsì ló ń fi dáná."

Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí díẹ̀, nítorí mo ti ṣiṣẹ́ lórí ohun náà kárakára, mi ò sì rò ó rárá pé ẹnì kan máa ní láti gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo dín amọ̀ náà kù, ó sán. Mo tún un ṣe, ó tún sán. Àbúrò mi ló wá rántí pé lébúlébú pákó máa ń pọ̀ nílẹ̀ níbi tí àwọn onígẹdú ti ń la igi, ó ní bí mo bá pò ó mọ́ amọ̀ ńkọ́? Mi ò kọ́kọ́ gbà. Nígbà tí mo dán an wò, iná jó lébúlébú náà kúrò nínú amọ̀, ó fi ihò wínníwínní sílẹ̀, amọ̀ náà fúyẹ́, kò sì sán mọ́. Òun náà gbà pé kó má fúyẹ́ tó bí òun ṣe fẹ́, èmi gbà pé kó má nípọn tó bí èmi ṣe fẹ́. Mo fi ọwọ́ méjì sí i lára, a sì wọ pákó sí àwọn ọwọ́ náà kó má baà máa jó èèyàn.

Bí mo bá ń ronú nípa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí báyìí, àkókò yẹn ni àárò rẹ̀ máa ń sọ mí jù. Bí ó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lálẹ́, ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá bá mi. Ó máa jókòó, á bọ́ bàtà, á máa rò fún mi ohun tí àwọn oníbàárà sọ lọ́jọ́ náà. Ó máa ń sín wọn jẹ: ìyá arúgbó tó fi ọ̀pá gbá ààrò wò, ọkọ ìyàwó tó béèrè bóyá ó lè gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi náà á fi ohun tí mo ṣe hàn án, á béèrè ìdí tí mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀, á sì gbọ́ ọ dópin. A máa ń jiyàn, àmọ́ ìjà kọ́. Àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ tà lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì ló kọ́kọ́ rà á. Wọ́n rà á tán, wọ́n tún ń wá a. Àbúrò mi pè mí lórí fóònù láti ṣọ́ọ̀bù, ariwo ọjà ń dún lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Alihamudulilahi, Bọ̀dá! Ilẹ̀ ti gbófo o! Ẹ máa ṣe é bọ̀!"

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ààrò tí a ṣe yẹn, ti àwọn tó ń se oúnjẹ púpọ̀ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ìyàwó tuntun tí wọ́n ń gbé yàrá kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n sì ń fẹ́ kékeré. Wọ́n fẹ́ aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ ewé. Wọ́n fẹ́ èyí tó ní ẹsẹ̀, tó ní ilẹ̀kùn kékeré nísàlẹ̀ tí wọ́n á máa gbà kó eérú. Àbúrò mi yà á sórí pépà, ó gbé e wá fún mi. Àwòrán náà dára. Mo wò ó, mo sì dá a padà fún un.

"Kò ṣeé ṣe báyìí," mo ní.

"Kí ni kò ṣeé ṣe níbẹ̀?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mọ́ọ̀dù irin tí mo fi ń gbé amọ̀ náà sí ìrísí, ẹyọ kan ni. Bí mo bá fẹ́ ṣe kékeré, mo ní láti ṣe mọ́ọ̀dù mìíràn. Bí mo bá gé páànù fún kékeré, ohun tó máa ṣẹ́kù lára àgbá náà kò ní í tó ṣe ńlá, a jẹ́ pé mo máa fi í ṣòfò. Ilẹ̀kùn kan péré, gígé rẹ̀ àti jíjó rẹ̀ fẹ́ẹ̀ gba àkókò tó odindi ààrò kan. Ní ti ọ̀dà, bí iná bá ti rà á lẹ́ẹ̀kan, á hó, á máa rùn, á sì bó.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí, Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yín ni. Ẹ ò tíì sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó máa ná owó rẹ̀. Ojú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ra nǹkan. Wọn ò mọ̀ pé amọ̀ wà nínú rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ mọ̀."

"Bí ọ̀dà bá bó ńkọ́, ta ni wọ́n máa bú?"

"Èmi ni. Èmi ni wọ́n mọ̀. Àmọ́ bí kò bá sí nǹkan kan nílẹ̀ tí mo máa tà fún wọn, èmi náà ni wọ́n máa bú."

A fi í síbẹ̀ pé èmi á gbìyànjú kékeré, láìsí ọ̀dà, láìsí ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ "èmi á gbìyànjú" bí ẹni gbọ́ "mo ti gbà." Èmi náà gbọ́ "ó dáa" tó fi dáhùn bí ìgbà tó ní kò sí ìkánjú. Àwọn tó ń tajà ní Kúta wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó fi àwòrán náà hàn wọ́n, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ní kó bá àwọn ṣe é sílẹ̀ de ọjọ́ ọjà. Ó dá wọn lóhùn pé kò sí wàhálà.

Òjò wá dé. Ọdún yẹn, òjò náà kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sinmi. Amọ̀ tí mo ti mọ kò gbẹ. Mo tò ó sábẹ́ òrùlé, mo dáná yí i ká, èyí tó súnmọ́ iná sán, èyí tó jìnnà sí i kò gbẹ. Iná mọ̀nàmọ́ná kì í sì í dúró, bí mo bá tan jẹnẹrétọ̀ láti jó irin, òjò ń fẹ́ sí mi lára. Ọjọ́ ọjà pé, kò sí ààrò. Ọjọ́ ọjà mìíràn tún pé.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin. Kò jókòó.

"Bọ̀dá, àwọn obìnrin Kúta dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yìí títí gbogbo èèyàn fi ń wò mí. Ọ̀kan ní ṣé bí mo ṣe ń ṣe ní bánkì náà nìyí, tí wọ́n fi lé mi wálé."

"Ta ló ní kó o ṣèlérí fún wọn? Ṣé èmi ni mò ń rọ òjò?"

"Ẹ̀yin ẹ wí fún mi pé ẹ máa ṣe é!"

"Mo ní mo máa gbìyànjú."

"Ṣé ìgbìyànjú ni kí n lọ tà fún wọn?"

Mo fi amọ̀ tó rọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi hàn án. Mo ní kó fọwọ́ kàn án, kó fi ìka tẹ̀ ẹ́, kó rí i bó ṣe ń wọlé. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun kò wá kọ́ iṣẹ́ amọ̀. Èmi náà ní èmi kò ráyè lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ lọ́jà. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bà á. Síbẹ̀ ó tẹ orúnkún wálẹ̀ díẹ̀ láti kí mi pé ó dàbọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ wa, ó sì padà sínú òjò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó lọ bá wẹ́dà kan ní Ilé-Ogbó. Kò sọ fún mi. Èmi fúnra mi ni mo rí ààrò náà lẹ́yìn ọ̀kadà kan tó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi láti fẹ́ táyà. Ó kéré, ó pupa bí ata, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àti ilẹ̀kùn kékeré. Gẹ́lẹ́ bí àwòrán àbúrò mi. Mo ní kí ọlọ́kadà náà jẹ́ kí n wò ó. Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Kò sí amọ̀ kankan níbẹ̀, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe é, irú èyí tí wọ́n fi ń bo òrùlé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn ààrò pupa náà tò síwájú rẹ̀ bí òdòdó, àwọn èèyàn sì dúró ń yẹ̀ wọ́n wò. Mo dúró títí wọ́n fi lọ.

"Páànù yẹn máa jó lu," mo ní. "Kò sí ohun tó máa gba ooru sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, tí wọ́n ń dáná nínú yàrá, ó léwu."

Ó ń to ìkòkò, kò wojú mi. "Bọ̀dá, wọ́n ń rà á."

"Mo rí i pé wọ́n ń rà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò ní í pẹ́."

"Ṣé nítorí pé ẹlòmíràn ló ṣe é ni?"

Mi ò lè sọ pé inú mi kò bàjẹ́ pé ẹlòmíràn ló ṣe é. Ó bàjẹ́. Ó sì hàn lójú mi, mo mọ̀. Nítorí náà, òtítọ́ tí mo gbé wá, owú ló jọ létí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àjèjì ló bá a sọ ọ́, bóyá ì bá gbọ́. Mo fibẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá wa ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fún mi, nígbà tí ọyẹ́ ti mú gan-an. Ìdí àwọn ààrò náà bẹ̀rẹ̀ sí í lu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ìyàwó tuntun kan lu mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó ń se oúnjẹ, ẹ̀yinná dà sílẹ̀, ó jó kápẹ́ẹ̀tì, ó sì jó etí aṣọ rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Àwọn èèyàn ń gbé ààrò padà wá fún àbúrò mi, àwọn mìíràn ń jù ú sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù láìsọ̀rọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹni tó gbé ààrò dé, ó ní kó mú ìkòkò tó bá wù ú lọ. Ó lọ bẹ ìyàwó tuntun náà àti ọkọ rẹ̀ nílé wọn.

"Ẹ ò wá sọ fún mi láti ìgbà yẹn, Ìyá," mo ní.

"Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ. Ó ní o máa yọ̀ ọ́."

Mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹní ìyá wa. Kì í ṣe ààrò tó lu ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé àbúrò mi wà nínú irú ìtìjú bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì jìnnà, ó sì rò pé n óò yọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ tí mo ti rí ààrò pupa yẹn ni mo ti ń rò ó. Inú mi korò sí i, àmọ́ ojú mi kò kúrò lára rẹ̀, nítorí ó rẹwà lóòótọ́. Ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn dára ju ìdí pẹrẹsẹ tèmi lọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi ara mi nígbà tó gbé àwòrán wá: nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń fẹ́ yìí, èwo ni mo lè ṣe láìṣe nǹkan mìíràn lọ́ṣẹ́? Mo rí i pé bí mo bá dín ààrò ńlá kù níwọ̀n díẹ̀, páànù tó ń ṣẹ́kù lára àgbá kan náà á tó kékeré. Mo ṣe òrùka irin kan tí mo lè fi sínú mọ́ọ̀dù àtijọ́ kó lè mọ amọ̀ kékeré, tí mo sì lè yọ bí mo bá fẹ́ mọ ńlá. Dípò ilẹ̀kùn, mo fi pẹpẹ irin kan tí wọ́n lè fà jáde gba eérú. Ọ̀dà, mo kùn ún sí ẹsẹ̀ àti ìsàlẹ̀ níbi tí ooru kì í dé. Mo dán an wò fún ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀dà kò bó. Ìdí kò lu. Obìnrin kan lè fi ọwọ́ kan gbé e.

Lẹ́yìn Iléyá, mo gbé e lọ bá a. Ó yà á lẹ́nu láti rí mi. Ó kúnlẹ̀, ó fún mi ní àga, ó gba ààrò náà lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e sórí tábìlì. Ó yí i po. Ó fa pẹpẹ rẹ̀ jáde, ó tì í padà. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fọwọ́ pa amọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Bọ̀dá, ó dáa gan-an. Ohun tí mò ń sọ nígbà yẹn nìyí."

"Ohun tí èmi náà ń sọ ni. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é."

Ó mi orí. "Mi ò lè tà á."

"Kí ló dé?"

"Bí mo bá dúró níwájú èèyàn pé ààrò yìí dára, wọ́n á wò mí lójú. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan rí, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Ìgbàgbọ́ yẹn ni ọjà tí mo ní, kì í ṣe ààrò. Ó ti tán."

"Wọ́n á gbàgbé."

"Èmi ò ní í gbàgbé."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ìyá wa bẹ̀ ẹ́. Kò bínú, kò pariwo, kò sì gbà. Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo bímọ, ó ní kó máa bọ̀ wá bá òun tọ́jú ọmọ. Ó ta ìyókù ọjà rẹ̀, ó sì lọ. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà báyìí.

Mo gbìyànjú láti ta ààrò náà fúnra mi. Mo tò ó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnì kan bá béèrè, n óò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí a ṣe ń sun amọ̀, ojú rẹ̀ á sì máa wo ojú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù, síbẹ̀ mi ò mọ ibi tó yẹ kí n gé e sí. Àbúrò mi mọ̀ ọ́n. Ó máa ń gbé ìkòkò lé ààrò náà lórí, á bi wọ́n léèrè iye ọmọ tí wọ́n ní, kí wọ́n sì tó mọ̀, wọ́n ti ń sọ ohun tí wọ́n ń sè nílé. Àwọn tó ra tèmi kò dá a padà rí. Wọ́n kàn kéré níye ni.

Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin oníṣòwò kan wá láti Ìbàdàn. Ó ti rí ààrò náà nílé ìbátan rẹ̀ kan, ó sì fẹ́ máa wá kó o. Ó ń béèrè lóríṣiríṣi: àwọ̀ mélòó ni mo ní, mélòó ni mo lè ṣe lóṣù, bí òjò bá dé ńkọ́? Mo ní kó dúró. Mo wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo pe àbúrò mi.

Ó gbọ́ mi dópin. Ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ má sọ iye tí ẹ fẹ́ ṣe fún un, Bọ̀dá. Iye tí ọwọ́ yín lè ká nínú òjò ni kí ẹ sọ. Àwọ̀ méjì ti tó. Bó bá sì fẹ́ máa lọ, ẹ má jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ fún un ní ọ̀kan kó gbé lọ fún ìyàwó rẹ̀."

Mo padà lọ sọ ọ́ bó ṣe kọ́ mi. Ẹnu mi ń kọ́, mo gbàgbé àwọ̀ kejì. Ọkùnrin náà dúpẹ́ fún ààrò tí mo fún un, ó ní òun á padà wá, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀.

Kò pẹ́ tí fóònù mi dún. Àbúrò mi ni.

"Ó ní òun á padà wá?"

"Bó ṣe wí nìyẹn."

"Báwo ló ṣe sọ ọ́? Ṣé ó ń wo ààrò náà nígbà tó ń sọ ọ́ ni, àbí ojú ọ̀nà ló ń wò?"

Mo ronú sí i. Mi ò ṣàkíyèsí ojú ọkùnrin náà rárá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ni mò ń rántí.

"Mi ò mọ̀," mo ní.

"Kò burú, Bọ̀dá," ó ní. "Ẹ kí Ìyá fún mi."

Ọkùnrin náà kò tíì padà wá. Géètì ilé kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi, mo sì padà sídìí rẹ̀.